State Farm Ti Padà Rí Èrè: Kí Ló Kan Àpò Wa Níbẹ̀?

Bí ọmọ Yorùbá méjì bá pàdé ní Atlanta, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ní mọ́ṣáláṣí ni o, tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń dé orí ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Èyí á ní, "Tèmi ti fò sókè o, bẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá ò dá mi dúró rí." Ìyẹn á ní, "Tìrẹ ṣì dáa, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ owó náà di ìlọ́po méjì." A máa ń sọ ọ́, a máa ń mí kanlẹ̀, a sì máa ń san án. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba nínú wa ló ń bèèrè pé: owó tí à ń san yìí, níbo ló ń gbà lọ? Ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á, ṣé ó ń jèrè ni àbí ó ń pàdánù? Ṣé yóò tún fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀?

Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí, òun ni State Farm. Kò sí ẹni tó ń gbé Atlanta tí kò mọ orúkọ yẹn. Láti ọdún 2018 ló ti wà lára pápá ìṣeré tí àwọn Hawks ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ láàárín ìgboro. Ẹni tó bá sì máa ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin MARTA ní Dunwoody á ti rí ilé gogoro tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ń ṣáájú gbogbo ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí tìrẹ ò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn, ẹ̀fúùfù tó bá fẹ́ lu igi ńlá yóò kan àwọn igi kéékèèké tó yí i ká.

Ta ló ni State Farm?

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ rí, George Mecherle, ló dá a sílẹ̀ ní Bloomington, ní ìpínlẹ̀ Illinois, lọ́dún 1922. Èrò rẹ̀ ni pé àgbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wa mọ́tò tó ará ìlú ńlá, kò sì yẹ kó máa san iye kan náà pẹ̀lú wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá.

Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé ilé-iṣẹ́ yìí kì í ta ìpín fún àwọn olówó ní Wall Street bí Allstate àti Progressive ti ń ṣe. Àwọn tó ń ra ìbánigbófò mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ló ni ín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bí àwọn baba wa ti wí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi wé èsúsú o. Nínú èsúsú, iye tí o dá ni wàá kó, ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ ni kò dọ́gba. Nínú ìbánigbófò, ẹni tí nǹkan kò ṣe kì í kó nǹkan kan, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún ọkọ̀ ẹni tí jàm̀bá ṣẹlẹ̀ sí ṣe. Ìgbà tí owó bá ṣẹ́kù gan-an ni wọ́n lè dá díẹ̀ padà. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Mọ́tò ò sí lójú títì, jàm̀bá dínkù, State Farm sì dá nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là padà fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn rí gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n san láàárín ogúnjọ́ oṣù kẹta sí òpin oṣù karùn-ún ọdún náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Ẹ jẹ́ ká ka ìwé ìṣirò owó wọn

Àpò méjì ni ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ń gbé. Nínú àpò àkọ́kọ́ ni owó tí àwa oníbàárà ń san wà. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń san owó fún ẹni tí jàm̀bá bá, owó òṣìṣẹ́, owó aṣojú àti owó ìpolówó. Àpò kejì ni ti ìdókòwò: kí wọ́n tó san owó yẹn fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti fi ra ìwé gbèsè ìjọba àti ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, ìyẹn náà á máa mú èrè wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé-iṣẹ́ kan ti ṣe dáadáa sí, àpò méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lọ́dún 2022, àpò àkọ́kọ́ ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Nínú iṣẹ́ ìbánigbófò mọ́tò nìkan, State Farm pàdánù bílíọ̀nù 13.4 dọ́là. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mọ́ èrè ìdókòwò àti ẹ̀ka ìbánigbófò ẹ̀mí, àdánù bílíọ̀nù 6.7 dọ́là ni wọ́n fi parí ọdún náà.

Lọ́dún 2023, owó tí wọ́n gbà lórí mọ́tò, ilé àti àwọn dúkìá mìíràn jẹ́ bílíọ̀nù 87.6 dọ́là. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde ju ohun tó wọlé lọ, ó fi bílíọ̀nù 14.1 jù ú lọ. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé fún gbogbo dọ́là 1 tí wọ́n gbà, dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 16 ló ń jáde. Àpò kejì mú bílíọ̀nù 5.4 wá, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò yẹn. Àdánù bílíọ̀nù 6.3 ni wọ́n tún fi parí ọdún.

Lọ́dún 2024, nǹkan yí padà. Wọ́n kéde èrè bílíọ̀nù 5.3 dọ́là. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, àwọn kan sì bínú pé, "Ẹ ò rí i, wọ́n ti kó owó wa jẹ!" Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ tún àpò àkọ́kọ́ yẹn wò. Lọ́dún 2024 tí a ń sọ yìí, iṣẹ́ ìbánigbófò fúnra rẹ̀ ṣì pàdánù bílíọ̀nù 6.1 dọ́là. Àpò kejì, ìyẹn ìdókòwò, ló gbé èrè náà wá. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ihò tó jẹ́ bílíọ̀nù 14.1 ti dín sí 6.1. Ta ló dí ìyókù? Èmi àti ìwọ ni. Owó tí wọ́n fi kún ti wa láti 2022 sí 2024 ni wọ́n fi dí i. Ní ti mọ́tò, àdánù wọn lọ láti bílíọ̀nù 9.7 ní 2023 sí bílíọ̀nù 2.7 ní 2024.

Ẹnì kan lè bèèrè pé ilé-iṣẹ́ tó pàdánù ọdún méjì tẹ̀lé ara wọn, ṣé kò ní wó lé wa lórí? Rárá o. Dúkìá tó kù lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn gbèsè jẹ́ bílíọ̀nù 134.8 dọ́là ní òpin 2023, ó sì di bílíọ̀nù 145.2 ní òpin 2024. Ó dà bí ìyá oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀ tí ọjà kò tà fún lọ́dún méjì, àmọ́ tí ilẹ̀ tó rà sí Mọ́níyà ń gbówó lórí. Ebi ò ní pa á, ṣùgbọ́n kò ní gbà láti máa ta ọjà rẹ̀ ní iye tó ń jẹ ẹ́ ní gbèsè títí ayé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fowó kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ti ilé díẹ̀. Ní Nàìjíríà, ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù nípa ìbánigbófò ni pé bóyá ilé-iṣẹ́ náà á tilẹ̀ ní owó láti san nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé. Ìdí nìyẹn tí òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́dún 2025 fi sọ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìbánigbófò mọ́tò àti dúkìá gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 15 náírà, dípò bílíọ̀nù 3 tó wà tẹ́lẹ̀. Ti State Farm kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára wọn láti san owó kọ́ ni ìṣòro wa, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa ni.

Kí ló fa àdánù yẹn?

Àkọ́kọ́ ni mọ́tò fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù nìyí. Báńpà ọkọ̀ ayé àtijọ́, ike lásán ni. Ẹni tí wọ́n bá fi ọkọ̀ kọlù á gbé e lọ fún páńẹ́lì-bítà, ó parí. Báńpà òde òní ní kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń mọ ohun tó wà nítòsí. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n kí wọ́n lè máa ríran dáadáa. Ohun tó jẹ́ ìfarapa kékeré lójú ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Lẹ́yìn Kòrónà, àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ́n, owó tòkúńbọ̀ fò sókè, owó mẹkáníìkì àti ti ilé ìwòsàn náà tẹ̀lé e. Káàkiri Amẹ́ríkà, láàárín oṣù kẹrin 2023 sí oṣù kẹrin 2024, owó ìbánigbófò mọ́tò fi ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè.

Èkejì ni ẹjọ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì láti Riverdale títí dé Lawrenceville, àwòrán àwọn lọ́yà ló kún ibẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ní owó tí ilé ẹjọ́ ń dá fún olùpẹjọ́ ní Georgia ti pọ̀ jù. Àwọn lọ́yà ní irọ́ ni, pé ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ sanwó fún ẹni tó fara pa àfi tí wọ́n bá fẹjọ́ sùn wọ́n. Gómìnà Brian Kemp gba ti àwọn ilé-iṣẹ́ gbọ́, ó sì fọwọ́ sí òfin SB 68 ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ọdún 2025. Èrò tèmi ni pé òótọ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ apá méjèèjì, ṣùgbọ́n òfin ti dín agbára ẹni tó fara pa kù báyìí, èrè rẹ̀ fún àpò wa sì gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ jẹ́ ká máa bi àwọn aṣòfin wa léèrè. Ohun kan tún wà nínú òfin yẹn tó kàn wá lójoojúmọ́: tẹ́lẹ̀, bí o kò bá de bẹ́líìtì, wọn kì í lè fi ta kò ọ́ nílé ẹjọ́. Ní báyìí, wọ́n lè fi ta kò ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sẹ́yìn láìde bẹ́líìtì, ẹ gbọ́ o.

Báwo ni ọjọ́ iwájú ṣe rí?

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dá Ifá ọrọọrún. Èmi ò kí ń ṣe babaláwo, ìṣirò nìkan ni mo gbé kalẹ̀. Ohun tó sì ń sọ fún mi ni pé mọ́tò àti ilé ti pínyà.

Ní ti mọ́tò, ìrora náà ti ń rọ̀. Ihò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán ní 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ti tún ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 2025, State Farm bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye tó ń gbà lórí mọ́tò kù ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Georgia sì wà lára wọn.

Ní ti ilé, ẹ má tíì jó o. Iná tó jó Los Angeles ní oṣù kìn-ín-ní 2025 fi hàn bí nǹkan ti rí. Ọmọ State Farm tó wà ní California, tí wọ́n ń pè ní State Farm General, ti dáwọ́ dúró láti gba ilé tuntun níbẹ̀ láti oṣù karùn-ún 2023. Lẹ́yìn iná náà, ìjọba ìpínlẹ̀ gbà kó fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó onílé, State Farm àgbà sì ní láti yá a ní mílíọ̀nù 400 dọ́là. Ní Illinois tó jẹ́ ilé baba wọn, wọ́n fi ìdá 27.2 kún owó ilé ní 2025. Gómìnà ibẹ̀ bínú, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó fún ìjọba lágbára láti dá wọn dúró. Illinois kò ní iná igbó, òjò yìnyín àti atẹ́gùn tó ń ba òrùlé jẹ́ ni wọ́n ní ó fà á. Àwa náà ní yìnyín, a sì ní ìjì. Ìjì Helene tó wáyé ní oṣù kẹsàn-án 2024 ba Valdosta àti Augusta jẹ́, àwọn ibi tó jìnnà sétí òkun. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń sanwó fún wọn àti fún wa. Nítorí náà, ẹni tó ní ilé ní Snellville tàbí Lithonia, kó máa retí pé owó ilé ṣì lè lọ sókè nígbà tí ti mọ́tò bá ń sọ̀kalẹ̀.

Kí ni ká ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ má dúró de ilé-iṣẹ́ kó wá fún yín lẹ́dínwó. Ẹ pe aṣojú yín kí ọdún tàbí oṣù mẹ́fà yín tó pé, ẹ ní kó tún owó yín ṣírò. Ẹ béèrè iye lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn ó kéré tán, ẹ fi wé ara wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tí wọ́n gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò tíì ní ìtàn ìwakọ̀ níbí, kò gbọ́dọ̀ máa san iye yẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ má fagi lé ti àtijọ́ kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìjọba Georgia ń gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ rẹ.

Èkejì, èyí ló ń dùn mí jù: ẹ má torí owó pọ́ọ́kú sá lọ sídìí ìwọ̀n tó kéré jù. Ohun tí òfin Georgia béèrè ni 25,000 dọ́là fún ẹnì kan tó bá fara pa, 50,000 fún gbogbo wọn, àti 25,000 fún ohun ìní tó bá bàjẹ́. Ká ní ẹ̀bi jẹ́ tìrẹ, tí owó ìwòsàn ẹnì kan jẹ́ 90,000. Ilé-iṣẹ́ á san 25,000, wọ́n á sì dágbére. 65,000 tó kù ń wò ọ́ lójú. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n máa yọ ọ́ lára owó iṣẹ́ rẹ. Owó ilé tí ò ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, owó yunifásítì ọmọ, gbogbo rẹ̀ lè wọ ibẹ̀ lọ. Ẹ béèrè 100,000 àti 300,000, ẹ ó rí i pé àfikún owó rẹ̀ kì í tó bí a ṣe rò. Ẹ sì béèrè uninsured motorist, èyí tó ń gbà yín bí ẹni tó kọlù yín kò bá ní ìnṣọ́ránsì tàbí tí tirẹ̀ kò bá tó. Oríṣi méjì ló wà ní Georgia. Èyí tó ń gorí owó ẹni tó kọlù yín ni kí ẹ mú, ẹ fi èyí tó ń yọ owó yẹn kúrò nínú tiyín sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má purọ́ nínú fọ́ọ̀mù. A mọ àwọn tó ń gbé DeKalb tàbí Clayton tí wọ́n ń lo àdírẹ́sì ìbátan tó wà níbi tó jìnnà, torí pé ibẹ̀ dínwó. A mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ tí orúkọ ọmọ náà kò sí nínú ìwé. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ara wọn ṣe Uber, Lyft tàbí DoorDash ló tún pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbánigbófò lásán ló sọ pé ọwọ́ àwọn kò sí níbẹ̀ mọ́ ní kété tí o bá ti tan áàpù iṣẹ́ yẹn. Dọ́là díẹ̀ lóṣù lè fi àfikún tó bo iṣẹ́ náà kún un. Ọjọ́ tí jàm̀bá bá dé ni wọ́n máa ń wádìí ọ̀rọ̀ wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń gba owó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin onílé, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òrùlé sí. Àwọn ìwé kan á ra òrùlé tuntun fún yín. Àwọn mìíràn á yọ iye ọdún tó ti lò kúrò, òrùlé ọdún 15 á wá di nǹkan kékeré lójú wọn. Ẹ tún wo iye tí ẹ̀yin fúnra yín á kọ́kọ́ san kí wọ́n tó dá sí i. Bó bá jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n dá lé ilé, ilé 400,000 túmọ̀ sí pé 8,000 ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Omíyalé kò sì sí nínú ìbánigbófò ilé rárá, bí àwọn tí omi ya wọlé wọn ní Atlanta ní oṣù kẹsàn-án 2009 ti rí i. Ti ìjọba àpapọ̀ wà fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọjọ́ ló sábà máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má dúró di ìgbà tí òjò bá ṣú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, State Farm ti padà rí èrè, owó wa sì wà lára ohun tó gbé e dìde. Ẹni tí wọ́n fi owó rẹ̀ tún ilé ṣe ní ẹ̀tọ́ láti wọlé béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ gbé ìwé ìnṣọ́ránsì yín jáde lálẹ́ òní, ẹ kà á tọkọtaya, ẹ kọ ohun tí kò bá yé yín sílẹ̀, kí ẹ sì pe aṣojú yín lọ́la. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí jàm̀bá, bí ó bá sì dé, kò ní bá wa lójijì. Ó tún di ọjọ́ mìíràn o.